Níbo Ni Afẹ́fẹ́ Ń Gbà Lọ? Àgbéyẹ̀wò Bọ́ọ̀sì Àgbà Tó Ń Kúnlẹ̀ Mọ́jú

Ẹni tó bá dé gáréèjì àwọn bọ́ọ̀sì ńlá ní Jíbówú tàbí Ọjọ́ta, l'Ékòó, ní ìdájí, kí wọ́n tó tan ẹ́ńjìnnì, kò ní ṣàì rí ọ̀kan tàbí méjì tó ti fi ẹ̀gbẹ́ kan kúnlẹ̀ mọ́jú. Dírẹ́bà á tan ẹ́ńjìnnì, á fi í sílẹ̀ kó máa kùn, bọ́ọ̀sì á máa dìde díẹ̀díẹ̀, èrò á wọlé, wọ́n á gbéra. Lójú ọ̀pọ̀ ọlọ́kọ̀, níwọ̀n ìgbà tó bá ṣáà ti dìde, kò sí wàhálà. Ọjọ́ tó bá kọ̀ tí kò dìde mọ́ ni ariwo ń bẹ̀rẹ̀, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n sì máa ń sáré rà ni báàgì tuntun.

Èrò tèmi ni pé owó yẹn sábà máa ń wọlẹ̀ lásán. Báàgì ni ojú ń rí pé ó rọ̀, òun náà ni gbogbo ayé ń dá lẹ́bi. Bẹ́ẹ̀ láti ìdí ẹ́ńjìnnì dé ìdí báàgì, ọ̀nà jìn, páìpù àti fáàfù tó wà lójú ọ̀nà yẹn pọ̀, èyíkéyìí nínú wọn ló sì lè máa tú afẹ́fẹ́ dànù. Àwọn mẹkáníìkì pàápàá ò fẹnu kò lórí ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn kan ní ká pààrọ̀ báàgì ní méjì-méjì ká sinmi. Àwọn kan ní omi ọṣẹ ló mọ gbogbo rẹ̀. Àwọn kan ní ká dí ibì kan pa, ká sùn, ká jí wò ó. Àwọn mìíràn sì wà tó jẹ́ pé ìmọ̀ràn tiwọn ni ká tu gbogbo rẹ̀ dànù, ká ki sípíríìngì onírin bọ̀ ọ́.

Àpò rọ́bà tí wọ́n fún ní afẹ́fẹ́ ni àwọn bọ́ọ̀sì yìí jókòó lé. Ẹ́ábáàgì ni wọ́n ń pè é ní ìdí iṣẹ́. Kì í ṣe àrà tuntun. Firestone ti ń ṣe irú rẹ̀ ní Amẹ́ríkà láti àwọn ọdún 1930, General Motors sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi sínú bọ́ọ̀sì tó ń tà ní 1953. Bọ́ọ̀sì Scenicruiser tí GM ṣe fún ilé iṣẹ́ akérò Greyhound láàárín 1954 sí 1956, tí gbogbo rẹ̀ jẹ́ 1,001, orí afẹ́fẹ́ ni wọ́n ń sáré lé. Àwọn ará ibẹ̀ kan ṣì ń tún bọ́ọ̀sì ìgbà náà ṣe, tí wọ́n ń sọ ọ́ di ilé alágbèéká. Ohun tó ń dààmú wọn jù yàtọ̀ sí rọ́bà: irin oníhò tó wà lókè báàgì, tó ń bá a tọ́jú afẹ́fẹ́, ni omi máa ń kóra jọ sí nínú, tí á dípẹtà láti inú wá, tí á sì lu ihò tí abẹ́rẹ́ ò ní fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ̀. Ẹ fi ọ̀rọ̀ omi yìí sọ́kàn, a ṣì ń bọ̀ lórí rẹ̀.

Tiwa níbí, púpọ̀ nínú àwọn tó ń ná Èkó sí Àbújá tàbí Ọ̀nìṣà ló gbé ara Marcopolo wọ̀, ilé iṣẹ́ Brazil tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Caxias do Sul ní 1949. Àwọn mìíràn jẹ́ tókunbọ̀ láti Yúróòpù, tó ti sinrú tán níbẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Orúkọ ara yàtọ̀, orúkọ ṣáásì yàtọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀.

Ẹ́ńjìnnì ló ń yí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀. Kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ á ti afẹ́fẹ́ gba inú díráyà, níbi tí wọ́n ti ń gba omi lára rẹ̀, kó tó wọ àwọn táǹkì. Tó bá tó nǹkan bíi 120 psi, gọ́fánọ̀ á ní kó dúró. Tó bá wálẹ̀ sí bíi 100, á ní kó tún máa fún un. Bíréèkì ló ni afẹ́fẹ́ yìí kí ẹnikẹ́ni tó ní in. Fáàfù aláàbò kan wà lójú ọ̀nà tí kì í jẹ́ kí báàgì rí nǹkan kan gbà àyàfi tí táǹkì bíréèkì bá ti yó, tó sì máa ń ti ilẹ̀kùn padà tí afẹ́fẹ́ bá ti ń wálẹ̀ jù, kí jíjò báàgì má bàa pa èèyàn lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ìdí nìyẹn tí bọ́ọ̀sì tó kúnlẹ̀ fi ń pẹ́ kó tó dìde: bíréèkì ló kọ́kọ́ ń jẹun.

Lẹ́yìn èyí ló kan àwọn lẹ́fẹ́lìn fáàfù. Ọ̀pá kékeré kan ló so apá ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ ákísù. Tí èrò bá wọlé, ara ọkọ̀ á wálẹ̀, ọ̀pá á ti apá fáàfù sókè, afẹ́fẹ́ á wọ báàgì. Tí èrò bá sọ̀ kalẹ̀, apá á rẹlẹ̀, fáàfù á sì tú afẹ́fẹ́ dànù gba ihò kan lára rẹ̀. Tí apá bá dọ́gba, á dákẹ́. Ó máa ń fà sẹ́yìn fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ kó tó dáhùn, kó má bàa máa bá gbogbo kòtò ojú ọ̀nà jiyàn. Mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń fi sínú bọ́ọ̀sì, ọ̀kan níwájú, méjì lẹ́yìn. Wọn kì í ṣe é ní mẹ́rin, nítorí àpótí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kì í mì lórí ilẹ̀ gbágungbàgun, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ló ń mì.

Iye mẹ́ta yìí ti tó ẹ̀rí fúnra rẹ̀. Tí iwájú bá wálẹ̀ lọ́tùn-ún lósì lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ má sáré ra báàgì méjì. Fáàfù kan ṣoṣo ló ń bọ́ àwọn méjèèjì. Tó bá jẹ́ ẹ̀yìn lápá kan ló wálẹ̀, gbogbo báàgì tó wà lápá yẹn ló so pọ̀ mọ́ra, nítorí náà èyí tó rọ̀ jù lójú lè má jẹ́ èyí tó ń jò.

Ìdánwò tí mo fọwọ́ sí jù kò gba sípánà. Tẹ́ẹ́pù káfíńtà, bírò àti ìwé pélébé ló ń fẹ́. Ẹ gbé bọ́ọ̀sì sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ẹ fi igi dí táyà níwájú lẹ́yìn, ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ kún títí gọ́fánọ̀ á fi gé e, kí ẹ wá pa ẹ́ńjìnnì. Ẹ wọn igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, láti àárín rímù lọ sókè dé etí ara ọkọ̀. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ kọ iye tí géèjì táǹkì wà sí i. Lẹ́yìn wákàtí kan, ẹ tún wọ̀n ọ́n. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ tún wọ̀n ọ́n.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣi ìwé yìí kà rèé. Wọ́n á ní, "Wákàtí kan ti kọjá, kò wálẹ̀, a jẹ́ pé báàgì dáa." Kò rí bẹ́ẹ̀. Lẹ́fẹ́lìn fáàfù kì í sùn tí ẹ́ńjìnnì bá kú. Bí báàgì bá ṣe ń jò ni fáàfù á máa gba afẹ́fẹ́ láti inú táǹkì fi dí i, ara ọkọ̀ á dúró gán-ún bí ẹni pé kò sí nǹkan kan, táǹkì ló ń gbẹ. Ìgbà tí fáàfù aláàbò bá wá ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, ní nǹkan bíi 65 sí 85 psi gẹ́gẹ́ bí irú ọkọ̀, ni igun tó ń jò á tó bẹ̀rẹ̀ sí í kúnlẹ̀. Ẹ jẹ́ ká wo géèjì pẹ̀lú tẹ́ẹ́pù pọ̀, nítorí ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn lè purọ́.

Tí géèjì bá wálẹ̀ dé ibi tí fáàfù aláàbò ń tì, tó dúró síbẹ̀, tí igun kan sì wá rọ̀, jíjò wà lápá báàgì. Tí géèjì bá wálẹ̀ dé òdo tí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣì dúró, báàgì ò mọ nǹkan kan níbẹ̀: ẹ lọ wo bíréèkì, díráyà àti gọ́fánọ̀. Tó bá jẹ́ pé géèjì dúró níbi ìtìpa yẹn tí ara ọkọ̀ náà sì dúró, ẹ wo àwọn nǹkan mìíràn tó ń mu nínú omi kan náà: sílíńdà ilẹ̀kùn, fèrè, àti àga dírẹ́bà. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Àga dírẹ́bà tó jẹ́ onáfẹ́fẹ́ lè gbẹ táǹkì mọ́jú, kò sì sí ẹni tó máa ń fura sí i, torí pé orí rẹ̀ gan-an ni a jókòó sí tí a ń wá jíjò kiri.

Èyí tó kẹ́yìn ni pé kí géèjì dé òdo, kí gbogbo igun sì kúnlẹ̀ pọ̀. Mẹ́rin kì í sábà bàjẹ́ lọ́jọ́ kan náà. Inú lẹ́fẹ́lìn fáàfù tàbí ṣáájú rẹ̀ ni fáàfù alọ-má-bọ̀ kan wà, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ báàgì má padà sínú táǹkì. Tí ìdọ̀tí bá há a lẹ́nu, báàgì á máa tú padà sẹ́yìn, gba ojú ibi tí táǹkì ti ń jò jáde. Ọ̀nà wà láti fi dán an wò: nígbà tí ọkọ̀ bá ga dáadáa, ẹ tú táǹkì tó ń bọ́ báàgì dànù pátápátá. Igun tó bá bá a wálẹ̀ lójú ẹsẹ̀, fáàfù alọ-má-bọ̀ rẹ̀ ni kò mú. Àwọn tó bá dúró, ó di pé kí oníkálùkù wọn dá dúró di àárọ̀ láìsí táǹkì tó ń ràn wọ́n lọ́wọ́. Ìdánwò tó mọ́ jù nìyẹn.

Tó bá ti ku igun kan, ẹ yọ páìpù kúrò lẹ́nu báàgì, ẹ fi tááàpù kékeré onídẹ tó lè gba agbára afẹ́fẹ́ sáàárín, ẹ fún báàgì, ẹ ti tááàpù, ẹ lọ sùn. Báàgì tó bá dá dúró di àárọ̀ ti bọ́ nínú ẹjọ́. Ó ku fáàfù àti páìpù. Èyí tó bá rọ̀ ti jẹ́wọ́. Iṣẹ́ alẹ́ kan ni, kò sì wọ́n tó owó báàgì kan.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni tó wọ abẹ́ ọkọ̀, igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Bọ́ọ̀sì tó dúró lórí afẹ́fẹ́ kò dúró lórí nǹkan kan. Tí páìpù bá já tàbí tí ẹnìkan bá ṣèèṣì fọwọ́ kan apá fáàfù, ẹgbẹẹgbẹ̀rún kílò á wálẹ̀ kí ẹni tó wà lábẹ́ tó lè pariwo. Jáàkì nìkan ò tó. Irin agbọ́kọ̀ró tó lágbára ni kí ẹ fi sábẹ́ ṣáásì níbi tí ilé iṣẹ́ sọ, kí ó jẹ́ pé bí gbogbo afẹ́fẹ́ bá tú lójijì, ọkọ̀ kò ní kúrò lójú kan. Mẹkáníìkì ti kú sí abẹ́ irú ọkọ̀ yìí kárí ayé, kì í sì í ṣe àwọn ọmọṣẹ́ nìkan, àwọn ọ̀gá wà níbẹ̀.

Omi ọṣẹ ni ọ̀rọ̀ kàn báyìí, iṣẹ́ tí fọganáísà ti mọ̀ tipẹ́. Ọṣẹ ìfọbọ́ díẹ̀ nínú omi, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì tàbí ike ìfúnmi fi í sí gbogbo ojú ìsopọ̀. Jíjò ńlá á fẹ́ ọṣẹ dànù kó tó hó, ẹ ó gbọ́ ọ tó ń ṣe ṣíì. Jíjò kékeré ló ń fẹ́ sùúrù: ẹ ó fi ọṣẹ sí i, kò ní ṣe nǹkan kan, ẹ ó ti fẹ́ kúrò níbẹ̀ kí ẹ tó rí i tí ìhó funfun tín-ín-tìn-ìn-tín kan ń yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ọ̀tì, tó ń pọ̀ sí i wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ẹ wo báàgì nígbà tí ọkọ̀ bá ga àti nígbà tó bá rẹlẹ̀, nítorí rọ́bà tó sán máa ń pa ojú rẹ̀ dé nígbà tó bá ká. Ẹ má fi kẹrosíìnì tàbí epo kankan ṣe é, rọ́bà ló máa jẹ. Alẹ́ sì dára jù fún iṣẹ́ yìí, bí ẹ bá lè rí gáréèjì tí jẹnẹrétọ̀ ò sí ní tòsí.

Lẹ́fẹ́lìn fáàfù ní tirẹ̀ rọrùn láti dán wò. Ẹ yọ ọ̀pá kúrò lára apá rẹ̀. Ẹ gbé apá sókè, ẹ dúró díẹ̀, afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ wọ báàgì. Ẹ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, ó gbọ́dọ̀ tú jáde. Ẹ gbé e sí àárín, ó gbọ́dọ̀ dákẹ́. Tó bá wà láàárín tí ihò rẹ̀ ṣì ń mí, rọ́bà inú rẹ̀ ti jẹ tàbí ìdọ̀tí ti wọ̀ ọ́. Kí ẹ má ṣe dá a lẹ́bi ju bó ti yẹ lọ, ẹ wo ọ̀pá náà: tí rọ́bà orí rẹ̀ bá ti jẹ, apá á máa mì láàárín òkè àti ìsàlẹ̀, fáàfù á máa fún báàgì, á sì máa tú u, kò ní sinmi. Ẹni tó bá pààrọ̀ fáàfù tí kò pààrọ̀ rọ́bà olówó pọ́ọ́kú yẹn ti fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá.

Páìpù ò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Rọ́bà tó bá kọjá nítòsí èéfín ẹ́ńjìnnì á gan, á sán. Èyí tó bá ń ha ara ṣáásì á lu. Ẹ fi abẹ tó mú gé e gún régé kí ẹ tó kì í bọ ojú ìsopọ̀, nítorí páìpù tí wọ́n fi ayùn irin gé kì í yé jò.

Ohun tó ń bí gbogbo jíjò wọ̀nyí lọ́mọ, tí kì í sí lórí ìwé ìnáwó ọlọ́kọ̀, ni omi àti ọ́ìlì. Ọ̀rinrin pọ̀ nínú afẹ́fẹ́ etí òkun wa. Tí èròjà tó ń gba omi nínú díráyà bá ti gbó, omi á kọjá sí táǹkì, láti táǹkì dé fáàfù, irin á dípẹtà, ìpẹtà á sì lọ jókòó sẹ́nu fáàfù alọ-má-bọ̀ tí à ń sọ lẹ́ẹ̀kan. Tí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ bá ti ń tu ọ́ìlì, tiẹ̀ burú sí i, nítorí ọ́ìlì á mú kí rọ́bà inú fáàfù wú, á sì lẹ̀ mọ́ra. Àyípoyípo rẹ̀ rèé: jíjò á mú kí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ máa ṣiṣẹ́ láìsinmi, á gbóná, á tu ọ́ìlì sí i, ọ́ìlì á ba fáàfù jẹ́, jíjò á pọ̀ sí i. Ẹni tó bá pààrọ̀ báàgì méjì láàárín àyípoyípo yìí, owó báàgì kẹta ló ń kó jọ.

Ẹ ṣí ihò ìsàlẹ̀ táǹkì, ẹ gba ohun tó bá jáde sórí páálí. Omi mímọ́ díẹ̀ ò burú. Omi púpọ̀, díráyà ti sùn. Tó bá funfun ràkọ̀ràkọ̀ bíi wàrà tó sì ń yọ̀ lọ́wọ́, omi àti ọ́ìlì ti pò pọ̀, kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ ń pè yín. Láti ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ìnáwó. Èròjà díráyà ní láti di tuntun láàárín ọdún 1 sí 3, gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ọkọ̀ ṣe pọ̀ tó, ẹni tí bọ́ọ̀sì rẹ̀ bá sì ń ná ọ̀nà jíjìn lójoojúmọ́ kò gbọdọ̀ dúró de ọdún kẹta.

Báàgì náà máa ń bàjẹ́, mi ò sẹ́. Ibi tí ó ti ń ká ni ó ti ń sán. Sísán tó wà lójú rọ́bà nìkan lè pẹ́ kó tó di nǹkan, ṣùgbọ́n níbi tí ẹ bá ti rí okùn inú rẹ̀, ó ti tán. Ẹ wo irin tó jókòó lé nísàlẹ̀. Tó bá ti dípẹtà tó sì rí págunpàgun, báàgì tuntun tí ẹ bá gbé lé e yóò jẹ bíi ti àtijọ́. Ẹ wo ṣọ́ọ̀kì pẹ̀lú. Nínú ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀sì, ṣọ́ọ̀kì ló ń dá báàgì dúró kó má nà jù. Ṣọ́ọ̀kì tó bá já, ọjọ́ tí táyà bá wọ kòtò ńlá ni báàgì á fà yọ lẹ́nu irin rẹ̀. Báàgì tókunbọ̀ tó ti sá sóòrùn níwájú ṣọ́ọ̀bù fún ọdún méjì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín. Kí ẹ má sì fún báàgì ní afẹ́fẹ́ nílẹ̀ láti dán an wò láìtíì dè é mọ́ ọkọ̀, ó lè bú.

Bí ọkọ̀ bá ti pé ogún ọdún, ṣé dandan ni kó má jò rárá? Èmi ò ní béèrè ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Èyí tó bá dúró láti alẹ́ di àárọ̀, tó wá rọ̀ díẹ̀ lẹ́yìn ìsinmi ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kọ ìwọ̀n rẹ̀ sílẹ̀, ẹ máa wò ó lóṣooṣù. Apá bíréèkì ni kò sí àforíjì níbẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ẹni tó ń gba ìwé àṣẹ ọkọ̀ ńlá gbọ́dọ̀ fi hàn pé, pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì tó kú àti bíréèkì tó tú sílẹ̀, géèjì bọ́ọ̀sì rẹ̀ kò wálẹ̀ tó 2 psi láàárín ìṣẹ́jú kan, àti pé tó bá tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀, kò ju 3 lọ. Ìwọ̀n tó rọrùn ni, dírẹ́bà lè ṣe é láàárọ̀ kí èrò tó dé.

Ó ku àwọn tó ní ká tu báàgì dànù. Mo mọ ohun tó ń sún wọn débẹ̀: báàgì gidi wọ́n, sípíríìngì onírin wà ní gbogbo ìsọ̀, kì í sì í jò. Ṣùgbọ́n ẹrù nìkan ni báàgì ń gbé. Àwọn ọ̀pá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló di ákísù mú kó má yẹ̀ síwá sẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ sípíríìngì onírin fẹ́ ṣe iṣẹ́ méjèèjì pọ̀, lórí ibi tí wọn ò fi irin tó tó sí lára ṣáásì. Níbẹ̀ ni yóò ti máa là. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Yúróòpù, fáàfù kan tún wà tó ń ka agbára afẹ́fẹ́ inú báàgì láti mọ bí ẹrù ṣe wúwo tó, kó lè mọ iye bíréèkì tó yẹ kó fún táyà. Ẹ yọ báàgì tán, fáàfù yẹn lè gbà pé ọkọ̀ ṣófo, kó sì dín bíréèkì kù fún bọ́ọ̀sì tí èrò àádọ́ta wà nínú rẹ̀. Àwọn tó ń ki pákó sábẹ́ ọkọ̀ dípò báàgì kí wọ́n lè dé ilé, ọ̀rọ̀ tiwọn ò tiẹ̀ ṣe é gbọ́ sétí. Ẹni tó bá fẹ́ bọ́ọ̀sì onísípíríìngì, ó wà lọ́jà, kó lọ ra èyí tí ilé iṣẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀.